Ẹ̀rọ Tí Kì í Sọ Ibi Tó Ń Dùn Ún

Màmá wa àgbà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí wọ́n mọ̀ dáadáa báyìí: "No Signal." "Nósígínà" ni wọ́n ń pè é, bí ẹni ń dárúkọ àlejò burúkú kan tó máa ń yà sílé lálaalẹ́ láìjẹ́ pé a pè é. Bí ìròyìn Yorùbá bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ti gbé àga wọn sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n ti na ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n sórí àpótí, ojú ẹ̀rọ náà á ṣàdédé ṣókùnkùn, àkọlé yẹn á sì máa rìn kiri lójú rẹ̀. "Nósígínà ti dé," ni Màmá á wí. Wọ́n á wá pè mí, nítorí èmi ni mo ń ka ìwé sáyẹ́ǹsì nínú ilé.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo fẹ́ bá tẹlifíṣọ̀n díjítà jà. Mi ò bá a jà. Ohun tí mo rí wí sí i ni pé wọ́n gbé e wá fún wa bí ẹni pé iṣẹ́ parí síbi tí òpó ìgbéjáde wà. Láti orí òpó yẹn dé iwájú àga Màmá, ọ̀nà ṣì wà níbẹ̀ o, kò sì sí ẹni tó sọ pé òun ló ni ín.

Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Íbàdàn, òun sì ni tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ohun tí wọ́n ń pè ní ánálọ́ọ̀gù ni wọ́n ń lò láti ìgbà náà. Nígbà tó di 2006, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ti Áfíríkà àti díẹ̀ lára ti Éṣíà pàdé ní Geneva, wọ́n sì fẹnu kò pé nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2015, kí ánálọ́ọ̀gù ti máa palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ pé, Nàìjíríà kò tíì múra tán. Wọ́n sún un sí oṣù kẹfà 2017, ìyẹn náà kọjá lójú wa. Jos ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣí ètò tuntun náà, ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin 2016. Àbújá tẹ̀ lé e ní oṣù kejìlá ọdún kan náà, lẹ́yìn náà ni Ìlọrin, Kaduna, Ẹ̀núgù àti Òṣogbo. Èkó di ọjọ́ 29 oṣù kẹrin 2021. JSS 1 ni mo wà nígbà náà. Wọ́n sọ ọ́ ní FreeTV, torí pé kò sí owó oṣooṣù níbẹ̀. Àwọn tó ń gba owó oṣooṣù, bíi StarTimes àti GOtv, ti ń ta díjítà fún wa ní bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú.

Àǹfààní rẹ̀ kì í ṣe àbùmọ́. Ojú ọ̀nà kan ṣoṣo tí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ń dá lò nígbà ánálọ́ọ̀gù lè gba iléeṣẹ́ mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ètò DVB-T2 tí Nàìjíríà mú. Ààyè tó bá ṣẹ́ kù, àwọn oní-fóònù á rí i lò. Bí àwòrán rẹ̀ bá sì jáde, ó máa ń mọ́ kedere débi pé Màmá kọ́kọ́ rí àpá kan lójú olùka-ìròyìn kan tí wọ́n ti ń wò láti ọjọ́ pípẹ́. "Háà, àṣé ọmọ yìí ṣègbóná rí!" ni wọ́n wí.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ánálọ́ọ̀gù ní tí ẹnikẹ́ni kò kà sí. Aláìsàn tó máa ń sọ ibi tó ń dùn ún ni. Lórí tẹlifíṣọ̀n Màmá ti àtijọ́, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọnbọ, gbogbo àìsàn ló ní ojú tirẹ̀. Bí àwòrán bá ń ṣe wínniwínni bí ẹni da gàrí sí i lójú, ìgbì kò tó nìyẹn. Ẹ gbé àǹtẹ́nà sókè. Bí olùka-ìròyìn bá ní ìkejì tó dúró tì í bí òjìji, ìgbì náà ti lọ kọ lu òrùlé páànù ńlá ilé-ẹ̀rọ kan lápá Ọbá Àkran tàbí Ògbà kó tó yà wá sọ́dọ̀ wa, ó wá dé lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ yí àǹtẹ́nà díẹ̀ sápá kejì. Bí àmì tótòtó bá tò lọ tò bọ̀ bí èèrà, ẹnìkan ti fa jẹnẹrétọ̀ "I better pass my neighbour" lẹ́yìnkùlé, tàbí wẹ́dà tó wà lójú títì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí gbogbo àwòrán bá ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀, tó tún dúró, bàálù ló ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà. Màmá mọ gbogbo èyí láìwọ kíláàsì. Bí bàálù bá ń kọjá, wọn kì í jẹ́ kí n dìde. "Fi í sílẹ̀, ó ń lọ ni."

Díjítà kò ní irú ojú bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń fi ránṣẹ́ kì í ṣe àwòrán gan-an, nọ́ńbà ni, òdo àti oókan lọ súà, dẹ̀kódà ló máa ń kó wọn jọ padà di àwòrán. Bí díẹ̀ nínú nọ́ńbà náà bá sọnù lọ́nà, dẹ̀kódà lè ṣírò ohun tó sọnù kó sì dí àlàfo rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwòrán fi máa ń mọ́ gaara bí ìgbì kò tilẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Òjìji olùka-ìròyìn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, díjítà wò ó sàn: wọ́n fi àyè díẹ̀ sáàárín ọ̀wọ́ nọ́ńbà kan àti èkejì, kí ìgbì tó bá pẹ́ dé lẹ́yìn tó kọ lu òrùlé má bàa da àwòrán rú. Ó yẹ kí a yìn ín fún ìyẹn, pàápàá ní àdúgbò tó kún fún ilé-ẹ̀rọ bíi tiwa. Àmọ́ bí nọ́ńbà tó sọnù bá ti ju èyí tó lè ṣírò lọ, gbogbo rẹ̀ á dàwó lẹ́ẹ̀kan náà. Àwòrán á fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí àwo tó bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé, ohùn á máa já, lẹ́yìn náà, Nósígínà. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ máa ń fi í wé etí ọ̀gbun. Ẹni tó dúró ní ìgbésẹ̀ kan sí etí ọ̀gbun àti ẹni tó jìnnà sí i ní máìlì kan, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò ní kìlọ̀ fún ẹ pé o ti sún mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa. Tẹlifíṣọ̀n Màmá kú ní àsìkò òjò èṣí. Bàbá mi ra pẹlẹbẹ tuntun, wọ́n sì ra dẹ̀kódà mọ́ ọn. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó tà á, torí bí ẹ ó ṣe rí i, ẹ̀bi náà kò wá jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Nínú àgbàlá tiwa, òpó kan ṣoṣo ni yàrá mẹ́rin ń lò. Wáyà kan ló ti orí rẹ̀ wálẹ̀, wọ́n wá pín in sí mẹ́rin nídìí ògiri, wọ́n sì fi nylon pípo di ojú ibi tí wọ́n ti so ó. Orí òpó náà, àǹtẹ́nà ọ̀pá gígùn tí wọ́n rà nítorí NTA Channel 10 tó wà lórí VHF ló wà níbẹ̀. UHF ni tẹlifíṣọ̀n díjítà tiwa ń gbà, ọ̀pá kúkúrú ló sì bá UHF mu. Àwa kò mọ èyí. A ṣáà so ó pọ̀.

Ọjọ́ kìíní, mo gun òkè lọ yí òpó gẹ́gẹ́ bí a ṣe máa ń ṣe. Gbogbo ẹni tó dàgbà l'Ágége mọ iṣẹ́ yìí: ẹnìkan á wà lókè, ẹnìkan á dúró lójú fèrèsé, ẹnìkan á wà nídìí tẹlifíṣọ̀n. "Ó ti dé?" "Kò tíì dé!" "Báyìí ńkọ́?" "Ó ti dé! Ó ti dé! Yéè, ó ti lọ, dá a padà!" Mo yí i láti Pen Cinema dé Ìpàjà, mo tún yí i padà, ohùn kan náà ni wọ́n ń sọ nísàlẹ̀: kò tíì dé. Ó pẹ́ kí n tó mọ ìdí rẹ̀. Dẹ̀kódà máa ń gba ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kó tó dá ìgbì mọ̀, kó tó kó nọ́ńbà jọ, kó tó yọ àwòrán. Kí àwòrán tó múra àtijáde, mo ti yí òpó kọjá ibẹ̀. Ọgbọ́n tí bàbá mi fi kọ́ mi, tí bàbá tiwọn náà lò, òun gan-an ló ń ba iṣẹ́ jẹ́. Kò sì sí ẹni tó sọ fún wa pé ọgbọ́n náà ti pẹ́ lóko. Nínú ìwé pélébé tó bá dẹ̀kódà wá, ojú ewé mẹ́fà ló wà fún bí a ṣe ń lo rìmóòtù, àwòrán kékeré kan ṣoṣo ló wà fún àǹtẹ́nà.

Ọ̀sẹ̀ kejì, bàbá mi lọ sí Computer Village n'Íkẹjà, wọ́n ra àǹtẹ́nà tí wọ́n kọ "DIGITAL" gàdàgbà sára páálí rẹ̀. Mo fẹ́ kí àwọn òbí gbọ́ èyí dáadáa: kò sí àǹtẹ́nà tó ń jẹ́ díjítà. Irin lásán ni àǹtẹ́nà. Kò mọ̀ bóyá nọ́ńbà ló wà nínú ìgbì tó ń gbà tàbí àwòrán, gẹ́gẹ́ bí agolo kò ṣe mọ̀ bóyá omi ni wọ́n bù sínú òun tàbí kẹrosíìnì. Ohun tó ṣe pàtàkì ni bóyá ọ̀pá rẹ̀ bá ìgbì tí a ń wá mu, bóyá ó ga tó, bóyá ibi tó yẹ ló kọjú sí. Ṣùgbọ́n owó tí bàbá mi san lé e, orí ọ̀rọ̀ DIGITAL yẹn ni wọ́n san án lé. Kò gba àwòrán títí.

Wọ́n tún ra búsítà. Àwọn tí a jọ ń gbé ló ní ká rà á, wọ́n ní agbára ìgbì ni kò tó. A so ó mọ́ ọn, àwòrán yọ lálẹ́ ọjọ́ kan, inú gbogbo wa dùn, Màmá tiẹ̀ gbàdúrà fún ẹni tó ṣe búsítà. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, tí wẹ́dà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó tún burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Bọ̀ọ̀dá kan tó ń fi tẹlifíṣọ̀n sílé ní Oníwáyà ló yanjú rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan. Wọn ò kọ́kọ́ gun òkè. Wọ́n mú rìmóòtù, wọ́n tẹ ibi kan, wọ́n tún tẹ ibòmíràn, wọ́n wọnú ibi tí ẹnikẹ́ni nínú ilé wa kò dé rí, ojú tẹlifíṣọ̀n sì gbé ìlà gbọọrọ méjì jáde. Wọ́n ní ọ̀kan ni agbára ìgbì, èkejì ni bí ìgbì náà ṣe dára tó. Ti agbára ti kún fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin. Ti dídára, pupa wẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí ni. "Ṣé o rí i?" ni wọ́n wí fún mi. "Búsítà yín ń pariwo. Gbogbo ohun tó bá gbọ́ ló ń sọ di ńlá: tẹlifíṣọ̀n, fóònù, wẹ́dà, jẹnẹrétọ̀. Ariwo ti pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ."

Wọ́n yọ búsítà kúrò. Wọ́n gé ibi tí a fi nylon dì, a sì rí i pé omi ti wọnú wáyà, kọ́pà inú rẹ̀ ti hu àwọ̀ ewé. Wọ́n fa wáyà odidi láti òkè wá sí yàrá wa láìpín in, nítorí gbogbo ìgbà tí ẹ bá pín ìgbì kan sí méjì, ìdajì ló ń dé ọ̀dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwa sì ti pín in sí mẹ́rin. Wọ́n so irin mọ́ òpó kí àǹtẹ́nà lè yọ lórí ilé alájà mẹ́ta tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ síwájú wa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá yí i, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ṣí ìkòkò tó gbóná. Wọ́n á yí i díẹ̀, wọ́n á dúró, wọ́n á ka ení dé ẹ̀wá, wọ́n á bi mí pé ìlà kejì ńkọ́. Kò tó wákàtí méjì tí a fi parí rẹ̀. Oṣù kan àti ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni Màmá kò fi gbọ́ ìròyìn.

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé dẹ̀kódà náà mọ̀. Láti ọjọ́ kìíní ló ti ń wọn agbára ìgbì, tó ń wọn dídára rẹ̀, tó sì mọ̀ pé ọ̀kan pọ̀, èkejì kò sí. Ó ní ọ̀rọ̀ yìí nínú, ó tọ́jú rẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn mẹ́ta, ó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, ó wá gbé "No Signal" síta. Irọ́ sì ni! Sígínà wà, ó tiẹ̀ pọ̀ jù. Wáyà tó ti jẹrà, Nósígínà. Àǹtẹ́nà tí kò bá ìgbì mu, Nósígínà. Búsítà tó ń pariwo, Nósígínà. Iléeṣẹ́ tí iná lọ lọ́dọ̀ tirẹ̀, Nósígínà. Bí dókítà kan bá ń kọ "ara rẹ̀ kò yá" sínú káàdì gbogbo ẹni tó bá wá sọ́dọ̀ rẹ̀, ṣé a ó máa pè é ní dókítà?

Àdúgbò wa kì í sì í ṣe oko. LTV wà ní Àgídìńgbí, MITV wà n'Íkẹjà, AIT wà l'Álágbàdó. Àwọn tó ń ṣe tẹlifíṣọ̀n yí wa ká débi pé a fẹ́rẹ̀ẹ́ lè pè wọ́n kí wọ́n dá wa lóhùn. Bí Nósígínà bá lè jókòó sáàárín wa báyìí, mo ń ronú nípa àwọn tó wà lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́.

Àwọn ibòmíràn ti rí i pé òpó nìkan kò tó. Ní Bìrìtìkó, kí wọ́n tó pa ánálọ́ọ̀gù tán ní 2012, wọ́n ṣètò ìrànlọ́wọ́ tí BBC bójú tó, fún àwọn tó ti pé ọdún 75 sókè, àwọn abirùn àti àwọn tí kò ríran dáadáa. Wọn ò kàn fún wọn ní ẹ̀rọ. Ẹnìkan á wá sílé wọn, á bá wọn so ó, á sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa lò ó. Nígbà tí àwọn oní-fóònù wá fẹ́ lo ìgbì tó sún mọ́ ti tẹlifíṣọ̀n fún 4G ní 2013, àwọn oní-fóònù náà ló sanwó ẹ̀rọ kékeré tó ń sé ìgbì fóònù mọ́ta, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ilé àwọn tó nílò rẹ̀. Amẹ́ríkà, tó yí padà ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 2009, fún ilé kọ̀ọ̀kan ní ìwé ẹ̀dínwó méjì, dọ́là 40 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti fi ra dẹ̀kódà. Mo mọ̀ pé owó wọn ju tiwa lọ. Ṣùgbọ́n kíkọ ọ̀rọ̀ Yorùbá, Haúsá àti Ígbò sínú dẹ̀kódà kò ná ẹni tó ń ṣe é ní dọ́là 40. Àjọ NBC ló ń fún àwọn iléeṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ní ìwé àṣẹ. Ó lè sọ ọ́ di dandan pé dẹ̀kódà tí a máa tà ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gbé ìlà méjì yẹn síta fúnra rẹ̀ nígbà tí àwòrán bá lọ, ní èdè tí onílé gbọ́.

Nígbà tí mo ka apá kan nínú àròkọ yìí ní kíláàsì, ọ̀rẹ́ mi kan ní ta ló tún ń wo àǹtẹ́nà, gbogbo nǹkan ti wà lórí fóònù. Ó tọ̀nà fún òun. Fóònù ilé wa tó ń gbé fídíò, ọ̀kan ni, bàbá mi ló sì ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ alẹ́ ní ilé-ẹ̀rọ. Dátà tí Màmá á fi wo ìròyìn wákàtí kan lójoojúmọ́, ta ni yóò máa rà á? Kí àwòrán wá bá ẹ nílé láìsí pé o san owó oṣooṣù, ìyẹn ni FreeTV ṣèlérí, ìlérí gidi sì ni. Ní oṣù kan àti ọ̀sẹ̀ kan yẹn, ẹnu àwọn tó ń kọjá ni Màmá ti ń gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílùú, ìdajì rẹ̀ ni kì í ṣe òótọ́. Wọ́n sọ fún mi ní ọjọ́ kan pé ó dà bí ẹni pé wọ́n ti sé òun mọ́lé.

Màmá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n wọ́n mọ Yorùbá kà. Ẹ̀kọ́ alaalẹ́ ni wọ́n ti kọ́ ọ. Nítorí náà, mo mú páálí àǹtẹ́nà DIGITAL yẹn, mo gé e, mo sì fi máákà kọ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn rẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́bàá tẹlifíṣọ̀n. Ìlà àkọ́kọ́: "Ẹ wo ẹ̀yìn dẹ̀kódà, bóyá wáyà ti yọ." Èkejì: "Ẹ bi yàrá kejì bóyá tiwọn ń ṣiṣẹ́. Bí tiwọn náà bá ti lọ, ẹ dúró, kì í ṣe ẹ̀bi wa." Ẹ̀kẹta: "Bí wẹ́dà bá ń ṣiṣẹ́, ẹ ní sùúrù títí aago mẹ́fà." Ẹ̀kẹrin ni bí a ṣe ń tẹ rìmóòtù dé ibi ìlà méjì yẹn, mo sì ya àwòrán bọ́tìnì rẹ̀ síbẹ̀.

Ní ọjọ́rú tó kọjá, Nósígínà tún dé. Nígbà tí mo ti iléèwé dé, Màmá jókòó, rìmóòtù wà lọ́wọ́ wọn, ìlà méjì ti wà lójú tẹlifíṣọ̀n. "Agbára wà," ni wọ́n wí fún mi, "dídára ló lọ. Lọ wo òkè, mo rò pé ẹyẹ ló bà lé e." Mo gòkè lọ. Kì í ṣe ẹyẹ. Aṣọ ẹnìkan ni afẹ́fẹ́ fẹ́ kọ́ àǹtẹ́nà, ó ti fà á yí sápá ibòmíràn. Mo yọ aṣọ náà, mo yí òpó padà díẹ̀, mo sì ń ka ení, èjì, ẹ̀ta. Màmá náà ń kà á nísàlẹ̀.